Ogún Ìṣẹ́jú ní Kubwa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje ti lé díẹ̀.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
eruku ọyẹ́ ṣì wà nínú irun mi,
ohùn ọ̀gá mi ṣì wà létí mi,
àwọn ọmọ méjèèjì sì ń wò mí
bí ẹni ń wo ojú ọ̀run tó ṣú:
ṣé yóò rọ̀, àbí kò ní í rọ̀?

Èmi náà wo mítà lára ògiri.
Yúníìtì mẹ́ta àti ààbọ̀ ló kù.
Mo ṣírò rẹ̀ bí arìnrìn-àjò ṣe ń ṣírò omi inú kèrègbè:
fíríìjì á mu tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á mu tirẹ̀,
ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú, ogún péré,
apá wa á ká a.

Karọọti mẹ́rin láti inú bárò Sagiru,
tó ní àná ni wọ́n hú wọn ní Jos,
amọ̀ ibẹ̀ ṣì wà léèékánná wọn.
Tàtàṣé kan, pupa bí ojú ẹni tó sunkún tán.
Àlùbọ́sà Sokoto ló gba omijé tèmi.
Mo gé wọn, n kò tẹ̀lé ìwọ̀n kankan;
ebi kì í béèrè rúlà.
Sọ́séèjì mẹ́fà láti inú fìríísà,
wọ́n le gbagidi bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé-ìwé.

Ẹ̀rọ náà jókòó lórí kántà,
dúdú roboto, bí ìkòkò tó lọ yunifásítì.
Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló fún Mojírọ́lá lọ́dún tó kọjá,
kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí Kaduna.
Ó ní, "Èyí kò ní jẹ́ kí ẹ jólé."
Ó mọ̀ mí. Ọdún méje
ni ìdí ìkòkò rẹ̀ fi ń jẹ́rìí takò mí.

Bàbá jáde ní yàrá, ó da kúbùsù bo èjìká.
"Iná dà?"
"Inú ló wà, Bàbá."
"Epo dà?"
"Ṣíbí kan ti tó."
"Ta wá ni ń dín in?"
"Atẹ́gùn ni."
Ó mirí. "Atẹ́gùn ń dáná.
Ọyẹ́ ọdún yìí kúkú ti ríṣẹ́."

Ó ń kùn, ó ń kùn bí oyin inú ògiri.
Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, mo fa agbọ̀n rẹ̀ yọ láti gbọ̀n ọ́n,
òórùn jáde ṣáájú ọwọ́ mi.
Bàbá dúró sójú kan.
"Kafanchan," ló wí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ó ń kó èédú sẹ́nu ẹ́ńjìnnì.
Rélùwéè dúró lóru, òtútù mú bí abẹ,
alásè ọkọ̀, Iliyasu kan, ń dín irú ẹran yìí
fún àwọn òyìnbó awakùsà tó ń lọ Jos.
Ó pọ́n ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, ó nà án gba ojú fèrèsé:
"Gbà, ọmọ Ọ̀fà. Jẹ ẹ́ kó tó tutù."
"Ó lé lọ́gọ́ta ọdún. N kò mọ orúkọ ohun tí mo jẹ."
"Sọ́séèjì ni, Bàbá."
"Ẹn-ẹ́n,"
bí ẹni tí a dárúkọ ọ̀rẹ́ àtijọ́ fún.
Ó gba fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.
"Gún wọn lára. Bí o kò bá gún wọn, wọ́n á bẹ́."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, iná lọ.
Gbogbo àdúgbò kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo nawọ́ sí agbọ̀n, Bàbá gbá mi lọ́wọ́.
"Má ṣí i. Ooru inú rẹ̀ á parí iṣẹ́."
A dúró yí i ká nínú òkùnkùn,
arúgbó, èmi, ọmọ méjì,
a ń fetí sí ohun tí kò dún mọ́,
tó sì ń jinná.

Etí karọọti jó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.
Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Kaduna,
èsì dé kíá: "Ta ló bá yín sè é?"
Mo wo Bàbá.
Ó di àwo mú lẹ́bàá fèrèsé,
ó ń jẹ ẹ́ kó tó tutù,
bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra.