Ẹnu Ń Mì, Ohùn Ò Sí

Òru Ọjọ́rú ni wọ́n mú iná wá ní Òkè-Àdó.
Kọ̀ǹpútà rí i pé mo ti sùn,
ló bá sọ ara rẹ̀ di tuntun.
Nígbà tí mo jí, ó ti pààrọ̀ àwọ̀ ojú rẹ̀,
ó ń kí mi káàbọ̀
bí ẹni pé èmi ni àlejò, òun ni onílé.

Mi ò bínú.
Mo tẹ fídíò ìyá mi bí mo ti í ṣe láràárọ̀ kí n tó wẹ̀:
Àrìnpé ọmọ Lánípẹ̀kun,
lórí àpótí, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú,
atẹ ẹ̀wà lórí itan.
Àwòrán jáde.
Ẹnu ń mì. Ohùn ò sí.

Mo yí ohùn sókè títí ó fi kan àjà.
Mo fa wáyà, mo fẹnu fẹ́ eruku inú ihò rẹ̀,
mo pa á, mo tàn án, mo tún pa á.
Mo fi íápíìsì ọmọ mi sí etí:
ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo gbọ́.
Gbádébọ̀ pè láti Mọ́níyà, ó ní kí n dá a padà sí ti àtijọ́.
Mo ní báwo?
Ó ní káàdì òun ti fẹ́ tán.

Mo gbé àpótí ẹ̀rọ àti ojú rẹ̀ wọ Máíkírà, ó di Àgbọ́wọ́,
lọ́dọ̀ Sílífátù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta.
Ó wò ó, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.
"Bàbá, dẹ́rẹ́bà ohùn yín ló ti gbó.
Ilé ti di tuntun, kò mọ ọ̀nà yàrá mọ́."
Dẹ́rẹ́bà wo? Mọ́tò mi, ọdún kẹfà rèé tí mo ti tà á.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fa dẹ́rẹ́bà tuntun wọlé,
a jókòó ti ìlà tín-ínrín kan
tó ń kún bí Ògùnpa nínú ọyẹ́.

Ó kún. A tẹ̀ ẹ́.
Ẹnu ń mì. Ohùn ò sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.
Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbọ́ fídíò yìí,
mi ò wò ó rí.
Ọwọ́ òsì ìyá mi kò ṣa ẹ̀wà rárá.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ra etí ìró
níbi tó máa ń so owó mọ́,
ó ń rà á, ó ń rà á, bí ẹni tó ń ka iye tó kù.
Adìẹ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.
Ó gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan,
kì í ṣe sí èmi tí mo mú fóònù dání,
sí ibì kan lókè orí mi,
ó sì dá a padà sínú atẹ
bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó ti dáhùn tipẹ́.
Àṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

"Háà," ni Sílífátù wí.
Ó fi ìka kan orúkọ kékeré kan nísàlẹ̀.
"Ohùn ń jáde o, Bàbá. Kò dákẹ́ rí.
Ojú ni wọ́n ń gbé e fún.
Ojú ò sì lẹ́nu."

Ó tẹ ibì kan. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Ìyá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Àgbọ́wọ́,
tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wá ṣe fọ́tókọ́pì fi yíjú wò wá:
"Ṣé ó ti ń gba ohùn?
Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó ń gbà á báyìí?
Bí kò bá gbà á, pa á,
kí n rí ẹ̀wà mi ṣà."

Sílífátù béèrè bóyá kí òun gbé e sókè sí i.
Mo ní kó rọra gbé e wálẹ̀ ná.
Mo fẹ́ wo ọwọ́ òsì yẹn.