Pákó Gbọ̀ngàn Àtijọ́

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni pákó náà fi sùn ní pálọ̀
kí a tó kan ẹyọ kan mọ́lẹ̀.
"Ẹ jẹ́ kó mọ afẹ́fẹ́ ilé ná," ni bàbá mi wí,
"àlejò tó bá kánjú jókòó, á kánjú dìde."
Yìnyín ń bọ́ lóde, etí adágún Supíríọ̀ ti le bí àpáta,
àwa sì ń fo pákó kọjá lọ sílé ìdáná
bí ẹni ń fo ojú àgbàrá.

Igi mépù ni, láti gbọ̀ngàn eré ilé-ìwé tí wọ́n wó.
Wendell Kuusisto, bàbá mi, ná an títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́.
Ó ní n kò gbọdọ̀ ha ọ̀dà ara rẹ̀:
pupa, dúdú, ìlà tí àwọn ọmọ fi ń mọ̀
pé bọ́ọ̀lù ti jáde.

A ta okùn ẹfun láti ara ògiri tó gún jù.
Irọ́ ni. Kò sógiri tó gún nínú ilé yìí;
bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, lálaalẹ́,
tó bá ti ihò kùsà dé, tí oorun ń kùn ún.
A fi àlàfo ìka kan sílẹ̀ létí ògiri,
torí igi a máa mí, igi a máa sanra nígbà ooru.
Ahọ́n pákó wọ ẹnu èkejì. Gbà!
Ìṣó wọlé ní ìdábùú. Gbà!
Orúnkún mi ń ké ju igi lọ.

N kò to ìlà pọ̀. Èyí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mò ń kàn:
ìdajì nọ́ńbà kan lábẹ́ fèrèsé,
òbìrí àárín pápá fọ́n káàkiri
bí àwo tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá di pákó kan mú, kò fún mi.
Ìlà funfun kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.
"Ẹ̀yìn ibí ni Lempi dúró. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló kù.
Ó jù ú. Kò wọlé."
Ìyá mi! Ìyá mi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún wa
pé bọ́ọ̀lù òun ló gba ife ọjọ́ náà!
"Kò wọlé kẹ̀?"
"Kò tilẹ̀ kan agbọ̀n. Èmi ni mo sáré lọ he é wá fún un."
Ó fi àtàǹpàkò nu eruku ojú ìlà náà.
"Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni kí o kàn án sí, Aili."

Pákó tó kẹ́yìn fẹ̀ jù. Ó gbé e jáde lọ rẹ́,
ìyẹ̀fun ayùn pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí yìnyín.
Ibì kan ṣì ń han lẹ́bàá àga rẹ̀;
ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Lóru, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà,
ó dúró pẹ́.
Ohun kan ró fẹ́ẹ́: pó.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀,
ó ká a ribiti,
ó jìnnà sí apẹ̀rẹ̀ aṣọ dáadáa.