Igi Kan Kì í Dágbó Ṣe

Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní ilé arúgbó ní Kendal:
Sítáàfù nìkan.
Wilf Tyson, darandaran lórí òkè tí òjò kì í sinmi,
fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kọ́ kọ́ kọ́.
"Ẹ ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo mú un wá."

Hazel rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà.

Nígbà kan rí, igi lásán ni ọ̀rọ̀ yìí,
èyí tí Wilf fi ń fa àgùntàn lọ́rùn jáde nínú yìnyín.
Lónìí ó ti di ènìyàn mẹ́rìnlá nínú aṣọ búlúù,
ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè jẹ́ ẹ.
Bí Hazel bá dá nìkan ṣọ́ òru, kí la ó wá pè é?
Mánéjà ní, "Sítáàfù dín méjì,"
bí ẹni ń ka igi ìdáná.

Aago mẹ́ta òru. Ọ̀pá yọ́ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Wilf nawọ́ nínú òkùnkùn,
èjìká ló bà, ó gbára lé e dé ilé ìgbẹ́.

Orúnkún ọ̀tún ń dun Hazel.
Igi kì í ní orúnkún.