Ipa Ẹsẹ̀ Mẹ́rin

Wọ́n gbé máṣíìnì Màámi lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
Ọkùnrin méjì ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá,
wọ́n gba ọ̀nà Tákíè lọ, wọn ò wẹ̀yìn.
Màámi ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó kó o lé Oyèníran lọ́wọ́, pé kó sáré lọ san án
kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ìdánwò mọ́ ọn.
Ó ní eruku ló kó sí òun lójú.
A gbà fún un. Àsìkò ọyẹ́ ni,
eruku ò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹsẹ̀ máṣíìnì fi ojú mẹ́rin sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì,
ihò kéékèèké tó fi ọdún mọ́kàndínlógún gbẹ́.
Gbogbo wa ń rìn yí ibẹ̀ ká
bí ẹni pé nǹkan ṣì dúró síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo ní n ó se makarónì.
Kì í ṣe èyí tá a máa ń sè o,
èyí tí wọ́n ń yan ni, tí mo jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ọ̀gá mi.
Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ń yan oúnjẹ tó ti jinná?"

A ò ní ààrò oníbúrẹ́dì.
A ní ìkòkò irin tí Ìyá Àgbà gbé wá sílé ọkọ,
èédú ọ̀rá kan,
àti yanrìn tó ṣẹ́kù níbi tí Bàámi ti rẹ́ ògiri.
Àbẹ̀jẹ fi asẹ́ kù ú lábẹ́ igi kajú
bí ẹni ń kù èlùbọ́.

Makarónì fúnra rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ ni,
gbogbo rẹ̀ ló lu, tó ń wá òwú.
Mo bọ̀ ọ́, n ò jẹ́ kó rọ̀: iná kejì ṣì ń bọ̀.
Tòmáàtì mẹ́fà, tàtàṣé kan tó ti ń bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan;
mo gé apá burúkú sọnù,
apá rere ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe òun.
Sadíìnì agolo kan fún èèyàn márùn-ún,
àfi kéèyàn fi orúkọ pè é kó tó jáde.
Wàrà mẹ́fà lọ́wọ́ Díjà tó ń gbé igbá kọjá,
ó fi ẹyọ kan lé e, ó ní ti ìyá arúgbó ni.
Mo rún un sójú rẹ̀,
mo po ẹyin méjì mọ́ mílíìkì, mo dà á lé e.

Iná lókè, iná nísàlẹ̀.
Oyèníran ní, "Bí tèmi ṣe rí lónìí nìyẹn."
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màámi rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ọmọrí. Ojú wàrà ti pọ́n,
ó ń hó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.
Bí mo ṣe gbé e wọ pálọ̀ ni wọ́n múná lọ.
Níbo ni mo fẹ́ gbé e kà?
Orí tábìlì kún fún aṣọ oníbàárà tí wọn ò tíì rán.
Màámi fọwọ́ wá pátákó ìgéṣọ rẹ̀ nínú òkùnkùn,
ó tẹ́ ẹ bo ojú mẹ́rin yẹn.
"Gbé e síbí."

A jókòó yí i ká.
Ìyá Àgbà tí ò léyín ní ká ha ìdí ìkòkò fóun,
ó ń fà á lá, ó ń bínú:
"Ẹ ò sì sọ fún mi pé wàrà ló wà lórí ẹ̀!"
Àbẹ̀jẹ rí sadíìnì. Ó pariwo.

Èmi ń wo ẹsẹ̀ Màámi.
Ó ń tẹ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí ìgbà tó bá ń rán etí aṣọ tó gùn.
Ó mú ẹyọ makarónì kan sókè sójú àtùpà,
ó dijú kan, ó fi ìkejì wo inú rẹ̀ já,
ó wá jù ú sẹ́nu.
"Iyọ̀ rẹ̀," ló wí, "ó ṣe wẹ́kú."