Ihò Kẹta, Ihò Kẹrin

Ẹ̀fọ̀n, aago mẹ́rin ìdájí.
Ìrì ti mú kí àpótí irin wa tutù lórí òkè.
Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo gbé láápútọ́ọ̀pù lé itan bí ọmọ ọwọ́.
Ihò mẹ́rìnlélógún ló tò sójú súwíìṣì yìí,
méjì sì dá dúró lápá ọ̀tún tí okùn dígí wọ̀:
ọ̀kan ń bọ̀ láti Adó, ọ̀kan láti Àrámọkọ.

Fájọbí tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé:
"Gbogbo ẹnu kọ́ ni ẹnu.
Èyí tó kọjú sí oníbàárà, òkú ni wọ́n kó o wá;
bí o kò bá ní kó dìde, kò ní dìde.
Èyí tó kọjú sí agbami,
ojú rẹ̀ ti là kí o tó tú páálí."
Ó tún ní:
"Oníbàárà kì í rí oníbàárà.
Ará ihò kìíní kò gbọdọ̀ gbọ́ ikọ́ ará ihò kejì.
Òkè ni kí kálukú máa wò.
Wọn ò sanwó kí aládùúgbò máa yọjú wo inú ìkòkò wọn."

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ní Ìjerò,
mo fi ẹnu agbami sí ipò oníbàárà.
Ìka kan péré. Ìlú dákẹ́:
báńkì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá.
Fájọbí gun alùpùpù láti Adó nínú òjò,
ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó jẹ ẹ̀pà, ó padà lọ.
Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àṣẹ sókè lẹ́ẹ̀mejì
bí akápò tó ń ka owó ẹgbẹ́.

Ihò kẹta: ilé ìwòsàn Dókítà Morádéyọ̀.
Ihò kẹrin: ilé oògùn Bámitálẹ́, àbúrò rẹ̀.
Bàbá kan, ìyá kan, ògiri kan láàrin wọn,
ọdún mẹ́fà láìkíra nítorí oko kòkó.
Bí dókítà bá kọ oògùn,
ìwé náà a gba ojú okùn lọ sí Adó,
a pẹ́kọrọ níbẹ̀, a tún gun òkè padà
wá bá ẹni tó ń gbọ́ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ògiri.

Lánàá ló pè mí. Ohùn rẹ̀ kéré.
"Ṣé ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ tèmi àti tirẹ̀ ríra wọn ní tààrà?
Okùn Adó já lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ọmọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi,
oògùn rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri."
Mo ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fọwọ́ síwèé.
Ó dákẹ́.
"Ó ti fọwọ́ sí i. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

Ìkógòsì kò jìnnà síbí,
níbi tí omi gbígbóná ti lọ pàdé tútù láìgbàṣẹ.
Lójú súwíìṣì, àfi kí ènìyàn pàṣẹ.
Mo tẹ̀ ẹ́: ihò kẹta, ipò oníbàárà, agbo ará.
Ihò kẹrin, agbo ará kan náà.
Àwọn yòókù, kí wọ́n máa wòkè.
Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì; ajá kan gbó mi.
Mo wá ní kí ẹ̀rọ fi sí ìrántí,
torí bí iná bá lọ láìfi í pamọ́,
àdéhùn di òfo.

Iná ihò kẹta ṣẹ́jú.
Ti ìkẹrin pẹ́ díẹ̀.
Ó ṣẹ́jú.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kíra wọn.
Ipò ihò ni wọ́n ń sanwó fún mi láti yí padà.
Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Bámitálẹ́ ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù;
ìgbálẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí ògiri parí sí,
ó dúró,
ó gbá àtẹ̀gùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kíákíá bí ẹni ń jalè.
Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì.
Ó ní wọn ò tíì ṣí.