Òòlù Tí Apá Ká

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Eleuterio fi ń kan pákó mọ́ òrùlé
ní Lemuy, erékùṣù kan ní gúúsù Chile,
níbi tí òjò kì í ti í kan ilẹ̀kùn
kó tó wọlé.
Òòlù kan ṣoṣo ló lò. Irin látòkè délẹ̀,
tútù bí ẹja àárọ̀,
ogún ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú.
Ó ní kò sí irú rẹ̀ láyé.
Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ní èrò tirẹ̀:
ife tíì kò lè dé ẹnu mọ́
àfi bí ọwọ́ òsì bá ràn án lẹ́rù.

Apá ni. Àpá ni. Ohùn ló yà wọ́n.
Àpá tó wà lójú awọ, gbogbo ayé ń kí i.
Èyí tó wà nínú iṣan ńkọ́?
Kò sọ ọ́ rí pé apá òun kò ká iṣẹ́ mọ́.
Àwa náà ò bi í.

Rosalba ọmọ rẹ̀ ló wọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́bọ̀,
ó gba Castro lọ, ṣọ́ọ̀bù Abelino.
Òòlù tò sára ògiri
bí ọmọ iléèwé tó ń retí orúkọ.
Ọ̀kan ń dán. Ó gbé e, ó dá a padà:
ohun tó wu ojú kọ́ ni yóò bá ọwọ́ dalẹ́.
Òmíràn wúwo lórí,
ó ń fa ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ rìn.
Òmíràn fúyẹ́ bí irọ́:
ìṣó kan, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wàá lù ú.
Ìsinmi wo ló wà níbẹ̀?

Abelino ń jẹ búrẹ́dì. Ó jẹ ẹ́ tán.
"Di ojú. Jù ú sókè bí ẹni fẹ́ kànṣó.
Bó bá jẹ́ òòlù lò ń rò, gbé e kọ́ padà.
Bó bá jẹ́ ìṣó lò ń rò, sanwó."

Ìkẹjọ ló sanwó lé lórí.
Èèkù igi luma,
ó kún níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti jìn,
ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn,
ìka yí i ká láìfún un pa.
Irin a máa kó ìgbọ̀n fún ẹni tó dì í mú;
igi a máa gbé e mì.

Nílé, bàbá wò ó, ó yínmú.
"Nǹkan ìṣeré."
Ó gbà á, kó lè fi ṣẹ̀sín.
Ó lu orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan.
Ó dákẹ́. Ó tún lù ú.
Lẹ́yìn náà ló jáde lọ bá àlàfo ara ògiri
tí òjò ti ń gbà wọlé láti ọdún Àjíǹde tó kọjá.

Rosalba tún wọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ Ajé,
ó lọ ra tirẹ̀.
Òòlù onírin wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí,
ó di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má gbá a pa.
Kò sí ẹni tí ń gbé e.