Ojú Ọlọ

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn tó tẹ Òkè-Ìyeyè dó.
Wọ́n ti ra sìmẹ́ńtì, wọ́n ti sanwó òkúta dídán ní Òmù-Àrán,
àyè ìlà mẹ́ta péré ló wà lójú rẹ̀.

Ilé Ọdẹ́dínà ní àwọn ló kọ́kọ́ dé:
baba wọn ló lé àgbọ̀nrín débí,
tó rí omi, tó fi imọ̀ ọ̀pẹ sàmì.
Ilé Abógunrìn ní irọ́ ni,
ta ló rọ àdá tí ọdẹ fi lànà?
Ẹ wá wo ìdàrọ́ lẹ́yìnkùlé wa, ó ga ju ewúrẹ́ lọ.
Ilé Àróyèhún kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Wọ́n kàn fowó ránṣẹ́ láti Ìlọrin
pé kí a kọ tiwọn sókè.

Mo mú ìwé àti bírò lọ bá ìyá ìyá mi
níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.
Kò gbójú sókè.
"Àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé yẹn, kòtò mélòó ló wà lórí ẹ̀?"
Ibẹ̀ la ti ń sá aṣọ ní kékeré. N ò kà á rí.

Méje ni. Mo lọ kà á.
Ó jìn bí àwo ọbẹ̀,
inú rẹ̀ dán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Ẹfúntọ́lá, ni màmá wí.
Ìyàwó ta ni, kò sẹ́ni tó rántí mọ́.
Ogun ló lé wọn kúrò nílé, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án,
àwọn ọkùnrin ní kí wọ́n sọdá odò kílẹ̀ tó ṣú,
ó jókòó.
Ó da ọkà bàbà sórí àpáta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́.
Ọdẹ gbọ́ ìró ọmọ ọlọ nínú igbó, ó yà.
Alágbẹ̀dẹ gbóòórùn ẹ̀kọ, ó sọ ẹrù kalẹ̀.
Ti àwọn Àróyèhún wá ńkọ́?
Màmá rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù:
"Ọmọ tó bí lóru ọjọ́ náà ni baba wọn.
Béèrè orúkọ ìyá náà lọ́wọ́ wọn, kí o gbọ́."

Mo béèrè. Wọ́n ní ṣé owó náà kò tó ni?

Ìlà mẹ́ta. Mo kọ Àróyèhún, mo kọ Ọdẹ́dínà, mo kọ Abógunrìn.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta,
òjò àkọ́rọ̀ dé, gbogbo wa sá wọ abẹ́ páànù.
Àwọn ewúrẹ́ nìkan ló gun àpáta lọ
nígbà tó dá,
wọ́n ń mumi nínú ojú ọlọ.